Ṣé Ahun Ni Ẹni Tó Ra Fíríìjì Kékeré?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá. Èmi ni olùjẹ́jọ́, fíríìjì kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló fa ẹjọ́ náà. Àwọn ará ilé wa ní Muṣin ní ahun ni mí. Ìyàwó mi ní irọ́ ni, ó ní ojú mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Èmi fúnra mi ò tíì mọ èyí tí mo jẹ́, ìyẹn ni mo ṣe gbé kálàmù.

Ilé alájọgbé là ń gbé, yàrá mẹ́wàá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàrin. Ní 2016 mo ra fíríìjì ńlá kan, tòkunbọ̀. Yàrá wa ò gbà á, mo bá gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí oṣù kan tó pé, ẹja Ìyá Ṣadé ti wà nínú rẹ̀, ọbẹ̀ àwọn àpọ́n méjì tó wà lẹ́yìn ti wà nínú rẹ̀, omi inú ọ̀rá tí Ìyá Ṣadé ń tà fáwọn ọmọ iléèwé sì ti gba ìdajì rẹ̀. N kò bínú. Inú mi tiẹ̀ máa ń dùn bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní “fíríìjì wa.” Mo rò pé ìfẹ́ nìyẹn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí ooru mú gan-an, iná tó ń ṣẹ́ bàìbàì jó ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Oníṣẹ́ fíríìjì dá owó. Mo lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà kí a lè dá a pọ̀. Ẹnì kan ní owó iléèwé ọmọ òun ló wà lọ́rùn òun. Ẹnì kan ní òun ò jẹ nǹkan tútù mọ́. Àwọn mìíràn kàn ń wo ilẹ̀. Ọjọ́ tí fíríìjì ń ṣiṣẹ́, tiwa ni; ọjọ́ tó kú, ó di ti Bàbá Kẹ́mi. Àwọn àgbà ní àjọjẹ ò dùn bí ẹnì kan ò bá ní. Èmi wá rí i pé àjọjẹ náà ò dùn bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé e wá.

Ìyàwó mi ní, “Bàbá Kẹ́mi, ẹ jẹ́ ká ra kékeré, èyí tó máa wọ yàrá, tó sì ní kọ́kọ́rọ́.” Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń rà á, torí ọ̀pọ̀ nínú yín lè lọ rà á lọ́la. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Yàrá àti iná là ń wò ká tó ra fíríìjì. Ọjà Alábà ní Òjó ni mo lọ. Ọmọkùnrin kan fà mí lọ́wọ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo èyí. Kò wúwo, kò pariwo, owó rẹ̀ ò sì pọ̀.” Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí i padà, n kò rí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Irú èyí, agbára káká ló fi lè fi nǹkan bí ìwọ̀n 20 Celsius tutù ju yàrá tó wà lọ. Bí ooru yàrá bá ti tó 33, 13 ló kù nínú rẹ̀ yẹn. Omi á tutù díẹ̀, ẹran á sì jẹrà. Ẹ má gbé e.

Ẹ má sì rò pé bí fíríìjì bá ṣe kéré tó ni iná tó ń jẹ ṣe máa kéré tó. Fíríìjì lítà 50 lè jẹ iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti lítà 90. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré, torí ní oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n gbé owó yúnìtì iná kan fáwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225. Ẹ fi owó bébà kan há ẹnu ìlẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ pa á dé, kí ẹ fà á. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́, rọ́bà rẹ̀ ò dára. Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ dá a dúró fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó tan iná sí i, kí òróró inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè padà sáyè. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri.

Oníṣẹ́ fíríìjì wa ló là mí lóye lórí ti ẹ̀yìn yìí. Ó ní fíríìjì kì í dá òtútù sílẹ̀ rárá. Ooru tó wà nínú rẹ̀ ló ń kó, tó ń dà á sẹ́yìn. Bí inú rẹ̀ ṣe ń tutù ni yàrá ń gbóná sí i. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí a lò ó, omi tutù, àwa tó ni omi ń làágùn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ẹjọ́. Bàbá bàbá mi jẹ́ ọdẹ ní abúlé kan nítòsí Ìṣẹ́yìn. Bó bá pa ẹtu, ilé mẹ́fà ló ń jẹ nínú rẹ̀. A máa ń yin àwọn ará àtijọ́ pé wọ́n lawọ́. Wọ́n lawọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó wò: kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹran tútù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe? Wọ́n lè yan díẹ̀, wọ́n lè sá díẹ̀ sóòrùn. Èyí tó kù, ikùn aládùúgbò ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí ẹlòmíràn pa ìgalà, tiwọn á padà wá. Ènìyàn ni fíríìjì wọn. Ẹ̀rọ tí mo rà yìí ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ aládùúgbò. N kò nílò kí ẹnikẹ́ni bá mi jẹ lónìí kí n tó lè jẹ lọ́la. Ohun tí mo wá ń bi ara mi ni pé, bí n kò bá nílò aládùúgbò mọ́, ṣé ojúṣe mi sí i ti tán nìyẹn?

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án tí a gbé fíríìjì náà dé, ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Màmá Àgbà ni, tó ń gbé yàrá kejì sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rá dúdú kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bàbá Kẹ́mi, má bínú o. Abẹ́rẹ́ mi ni.”

Ínsúlínì ni. Màmá ní àtọ̀gbẹ, n kò sì mọ̀. Ínsúlínì tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà láàrin ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius. Láti ọdún mẹ́ta ló ti ń wà nínú fíríìjì ọ̀dẹ̀dẹ̀, nísàlẹ̀ omi Ìyá Ṣadé, nínú ọ̀rá dúdú kí ẹnì kan má baà mọ àìsàn rẹ̀. Nígbà tí fíríìjì kú, ó ń fi sínú ife, ó ń gbé ife náà sínú àmù. Ọgbọ́n gidi ni. Omi tó ń là jáde lára ìkòkò amọ̀ ló ń mú un tutù. Ọgbọ́n yìí kan náà ni Mohammed Bah Abba lò ní Jigawa ní àwọn ọdún 1990, tó fi ìkòkò kan sínú òmíràn, tó da iyanrìn tútù sáàrin wọn, kí ẹ̀fọ́ má baà tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbẹ ilẹ̀ Hausa ló bá ọgbọ́n yẹn mu jù. Ti Èkó kún fún omi. Ṣúgà Màmá ti ń gòkè.

Mo ní, “Màmá, ẹ jókòó.” Mo gba ọ̀rá náà, mo gbé e sí ìsàlẹ̀, jìnnà sí yìnyín, torí bó bá dì, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Ilẹ̀ mọ́, Ìyá Ṣadé dé pẹ̀lú ẹja. “Ṣebí ẹ gba ti Màmá?” Mo ní n kò lè gba tirẹ̀. Ó pòṣé, ó ní, “Ahun!” Ìyàwó mi ní mo ṣeun.

Mo rò pé mo ṣeun lóòótọ́. Ìyá Ṣadé lè dín ẹja rẹ̀, ó lè yan án, omi tó ń tà náà sì jẹ́ òwò. Màmá ò ní ibòmíràn. Àìní yàtọ̀ sí ìrọ̀rùn, ẹni tó bá sì da méjèèjì pọ̀ ló ń jẹ́ kí ọwọ́ olóore rẹ̀. Bí mo bá dúró níbẹ̀, mo ti jàre.

Ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí. Mo rántí ọjọ́ tí mò ń béèrè owó àtúnṣe. Màmá wà lára àwọn tó ń wo ilẹ̀, mo sì kà á mọ́ àwọn ahun. Kò sì lówó ni. Fíríìjì ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí ẹni tó ń bẹ ẹnikẹ́ni kó tó ṣí i. Ti yàrá mi, ó ní láti kanlẹ̀kùn, kó tú àṣírí ara rẹ̀ fún mi, kó sì tún ní kí n má bínú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ń bá ìtìjú jà kó tó lè dé ẹnu ọ̀nà tí kò jìnnà ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ìyá Ṣadé ò lo ìṣẹ́jú kan.

Ohun tí mo rí nìyẹn. N kò jẹ ará ilé kankan ní gbèsè omi tútù, kò sì burú kí ènìyàn ra ohun tó wọ yàrá rẹ̀ kó tì í. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ti ilẹ̀kùn, ẹni tí àìní rẹ̀ pọ̀ jù lojú máa ń tì jù láti kàn án. Nítorí náà, ẹni tó tì í ló yẹ kó jáde lọ béèrè. Ẹ̀ṣẹ̀ mi kì í ṣe pé mo ra kékeré. Mo rà á kí n má baà gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́ ni.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀lé e mo tún lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́tẹ̀ yìí n kò béèrè owó. Mo béèrè bóyá ẹnì kan ní oògùn tó yẹ kó wà nínú òtútù. Ọ̀kan nínú àwọn àpọ́n ẹ̀yìn, tí mo rò pé ọbẹ̀ nìkan ló ní, wọlé lọ mú oògùn ojú jáde.

Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́rùn ìyàwó mi, n kò sì ní kó bọ́ ọ. Ìyá Ṣadé ṣì ń pè mí ní ahun. Ẹ̀yin náà ẹ bá wa dá a.