Kóńgò Tí A Lù Nídìí

Ní ọdún 2024, mo fẹ́ ra páálí tí n ó fi di ìwé, mo sì kọ ímeèlì sí ilé-iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ní Ọ̀tà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni ó padà sọ́dọ̀ mi bí ẹyẹlé tí kò rí ibi bà. Ohun tí wọ́n kọ mọ́ ọn ni pé ọ̀nà tí a gbà parí ìlà inú lẹ́tà náà kò bófin mu. Mo tẹ̀ wọ́n láago. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀rọ tí ẹ fi kọ lẹ́tà yín ni kò parí ìlà bó ṣe yẹ." Inú bí mi. Mo ní ṣebí àwọn ẹlòmíràn ń gba lẹ́tà mi láìsí wàhálà. Ó ní, "Wọ́n ń gbà á, sà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà."

Èsì yìí kò jẹ́ kí n tètè sùn lóru ọjọ́ náà. Ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lọ: bí ẹnìkan bá ṣe ohun tí kò bá òfin mu, tí a sì mọ ohun tí ó ní lọ́kàn, ṣé ìwà rere ni kí a gbà á bẹ́ẹ̀, àbí kí a dá a padà?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òfin náà fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1982 ni Jon Postel, ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé tí a mọ̀ sí RFC 821, tí ó ṣàlàyé bí kọ̀ǹpútà kan yóò ṣe fi lẹ́tà lé òmíràn lọ́wọ́. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ka ìwé náà yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí pé ìkíni ló ṣáájú. Kọ̀ǹpútà tí ó gbé lẹ́tà wá yóò kí onílé, yóò sì dárúkọ ara rẹ̀. HELO ni wọ́n ń kọ ìkíni ọ̀hún. Onílé yóò dáhùn. Àlejò yóò sọ ẹni tí ó rán an, yóò sọ ẹni tí a rán an sí, lẹ́yìn náà ni yóò wá ka ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà sílẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá parí, yóò fi àmì ìdánudúró kan ṣoṣo sórí ìlà tirẹ̀, kí onílé lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Òfin sì sọ bí ìlà ṣe gbọ́dọ̀ parí: àmì méjì ni, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ẹni tí ó bá lo ẹ̀rọ táípù àtijọ́ rí yóò mọ ibi tí méjèèjì ti ṣẹ̀ wá: a óò ti ẹ̀rọ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, a óò sì yí bébà sókè. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, pàápàá àwọn tí ń lo Unix, ń fi àmì kejì nìkan parí ìlà nínú ilé tiwọn. Nígbà tí irú wọn bá gbé lẹ́tà jáde láìtún un ṣe, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbà á a fojú fò ó. Kí ni àmì kan ṣoṣo já mọ́?

Postel fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe ẹlẹ́rìí. Nínú ìwé kan tí ó ṣe olóòtú fún ní ọdún 1980, ó gbà wá níyànjú pé kí ẹni tí ń ránṣẹ́ ṣọ́ra gidigidi nínú ohun tí ó ń rán, kí ẹni tí ń gbà á sì lawọ́. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọ̀rọ̀ àgbà ilé wa ni ó dún: kí ènìyàn le mọ́ ara rẹ̀, kí ó sì rọ̀ fún ọmọnìkejì. Ọmọlúàbí kì í tìtorí pé àlejò ṣi ọ̀rọ̀ sọ kí ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo sì gbà pé láìsí irú ìfaradà bẹ́ẹ̀, ìbá ṣòro kí kọ̀ǹpútà oríṣiríṣi tó gbọ́ ara wọn yé nígbà èwe íntánẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dé ọjà Sàngó, níbi tí ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta ti pàdé ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Kóńgò ni wọ́n fi ń wọn gàrí àti ìrẹsì níbẹ̀, ìyá onígàrí a sì máa bu èènì lé e. Inú rere ni èènì fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́, oníbàárà kò kà á sí inú rere mọ́. Ẹ̀tọ́ ni ó kà á sí, yóò sì bínú bí kò bá rí i. Olùtajà tí kò fẹ́ pàdánù a wá lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú. Ohun tí ó yọ nísàlẹ̀ ni ó ń bù lé e lórí. Oníbàárà mọ̀, ó sì ń fojú fò ó nítorí èènì. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹni tí kóńgò rẹ̀ péye ni yóò dà bí ahun láàárín ọjà. Mi ò sọ pé gbogbo wọn ló ń ṣe é o. Mo mọ àwọn tí kò lu kóńgò rí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí lẹ́tà kò yàtọ̀. Qmail, iṣẹ́ ọwọ́ Daniel J. Bernstein, tí ẹ̀dà rẹ̀ tí a mọ̀ sí 1.03 jáde ní ọdún 1998, kì í gba lẹ́tà tí ìlà rẹ̀ kò parí dáadáa: ahun ọjà nìyẹn. Ní ọdún 2001, ìwé òfin tuntun, RFC 2821, sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé àṣà fífojú fò ó ti dá wàhálà sílẹ̀ ju èyí tí ó yanjú lọ, àti pé kí ẹ̀rọ kankan má ṣe é mọ́, ì báà jẹ́ lórúkọ ìfaradà. Ọ̀pọ̀ kò gbọ́. Nígbà tí ó di oṣù kejìlá ọdún 2023, Timo Longin ti ilé-iṣẹ́ SEC Consult fi hàn gbogbo ayé pé ènìyàn lè fi lẹ́tà kan pamọ́ sínú òmíràn. Kọ̀ǹpútà tí ń ránṣẹ́ kò ka àmì ìdánudúró tí kò pé náà sí òpin ọ̀rọ̀, ó sì gbé e kọjá. Èyí tí ń gbà á, tí ó lawọ́, kà á sí òpin, ó wá mú ìyókù bí lẹ́tà tuntun tí ó ní orúkọ ẹlòmíràn lórí. Postfix, Sendmail àti Exim, àwọn ẹ̀rọ tí ó gbilẹ̀ jù, ní láti tún ilé wọn ṣe.

Ẹ fojú inú wo akọ̀wé owó kan ní ilé-iṣẹ́ ike ní Sàngó, tí ó rí lẹ́tà gbà lórúkọ oníbàárà tí ó ti ń bá a ṣòwò láti ọjọ́ pípẹ́, pé nọ́ńbà àkáǹtì ti yí padà. Ó yẹ lẹ́tà wò. Kọ̀ǹpútà ní kò lábùkù, nítorí pé láti ẹnu ọ̀nà ilé tí ó mọ̀ ni ó ti jáde. Owó oṣù òṣìṣẹ́ lè bá a lọ. Kò sí ẹni tí yóò ní kí SON, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1971, lawọ́ sí wáyà iná tí kò péye.

Síbẹ̀, ohun méjì kò jẹ́ kí n fọwọ́ sọ̀yà gbe àwọn olófin lẹ́yìn. Èkíní, èmi kọ́ ni mo ṣe ẹ̀rọ tí mo fi kọ lẹ́tà. Ẹni tí ó lu kóńgò kọ́ ni ó gbé ebi sùn. Èkejì, òfin ọdún 1982 náà kò mọ̀ wá. Àmì 128 péré ni ó gbà, ti Gẹ̀ẹ́sì sì ni lẹ́tà inú wọn. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ. Kò sí bí a ṣe lè kọ Ọ̀tà, ìlú Àwórì tí ó ti wà kí ẹnikẹ́ni tó ro kọ̀ǹpútà, sínú àdírẹ́ẹ̀sì kan kí ó sì pé. Ọdún 2012 ni RFC 6531 tó fàyè gbà á. Ọgbọ̀n ọdún ni pípa òfin mọ́ fi jẹ́ pé kí a máa ṣi orúkọ ara wa kọ.

Ṣùgbọ́n jíjókòó láti yí òfin padà ni ó tún èyí ṣe. Fífojú fò ó kò tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa. Ìlànà àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ti mú kọ́ńsónáǹtì méjì tí kò nídìí kúrò, síbẹ̀ "Otta" ṣì wà lára pátákó títí dòní. Mo ti kọjá níwájú irú pátákó bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà, mi ò bá ẹnikẹ́ni wí rí.

Ohun tí mo rí dì mú nínú ìwà ọ̀dọ́mọkùnrin Ọ̀tà náà ni pé kò sọ lẹ́tà mi nù láìsọ̀rọ̀. Ó dá a padà, ó kọ ìdí rẹ̀ mọ́ ọn, nígbà tí mo sì tẹ̀ ẹ́ láago, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ọwọ́ òsì ló fi nà mí, ó sì ti na ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀. Àwọn tí ń gba lẹ́tà mi láti ọdún yìí wá fẹ́ràn mi, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tí ó sọ fún mi pé ohun kan kù nínú rẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ tí mo ń lò. Wọ́n kọ́kọ́ ní kò sí ẹlòmíràn tí ó ráhùn. Ó gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni lẹ́tà mi wọlé, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì kọ̀wé padà lọ́jọ́ náà gan-an láti kí mi kú oríire. Ó fi kún un pé owó páálí ti lé sí i.