Ta Ló Ni Èènì Orí Ìnṣọ́ránsì?

Bí a bá lọ ra gàrí lọ́jà Ìkìrun, ìyá onígàrí á wọn kọ́ńgò lójú wa, á tún fi ọwọ́ bu díẹ̀ lé e. Èènì nìyẹn. Láti kékeré la ti ń gbà á, débi pé ẹni tó bá tajà láìfi èènì sí i, ojú ahun la fi ń wò ó. Ohun tó mú kí èènì dùn ni pé a ti mọ gàrí náà kí èènì tó dé. A ti fi ọwọ́ kàn án, a ti ju díẹ̀ sẹ́nu, a mọ̀ bóyá ó kan, a mọ̀ bóyá ó gbẹ.

Cashback, ìyẹn owó díẹ̀ tí áàpù kan ń dá padà fún wa tá a bá gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ rajà, jọ èènì gan-an. Tó bá jẹ́ lórí dátà, a ò bá a jà. Dátà wọlé àbí kò wọlé, láàárín ìṣẹ́jú kan a ti mọ̀. Ìnṣọ́ránsì, tí àwọn oníròyìn ń pè ní adójútòfò, ni tiwa lónìí, torí òun ló kó ìtìjú bá wa lọ́dún tó kọjá.

Àwa mẹ́ta ni: ọmọ Ìkìrun kan, ọmọ Ìnísà kan, ọmọ Òkukù kan. A jọ kàwé kọ̀ǹpútà, a jọ ń kọ áàpù fún àwọn oníbàárà ní Òṣogbo, a sì jọ dáwó ra Corolla àlòkù kan tá a fi ń lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 àwọn á máa mú ọkọ̀ tí kò ní ìnṣọ́ránsì third party, a sáré lọ bá bọ̀dá kan ní Ìkìrun tó ń ṣe aṣojú iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Bọ̀dá jókòó tì wá fún bíi wákàtí kan. Wọ́n ní owó ọkọ̀ àdáni kò gbọ́dọ̀ dín ní 15,000 náírà, pé NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìnṣọ́ránsì, ló gbé e kúrò ní 5,000 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Wọ́n ní tí a bá ba dúkìá ẹlòmíì jẹ́, iléeṣẹ́ lè san tó 3,000,000 náírà fún onítọ̀hún, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ tiwa bá bàjẹ́, kò kàn wọ́n. A dúpẹ́, a ní à ń bọ̀. Ká tó dé Ìnísà, ọ̀kan nínú wa ti rí áàpù kan lórí fóònù tó máa dá 1,500 padà. Inú ọkọ̀ níbẹ̀ la ti rà á.

Ṣé a jèrè? Tó bá jẹ́ ti ìṣirò nìkan, bẹ́ẹ̀ ni. 15,000 lọ́dọ̀ bọ̀dá, 15,000 lórí áàpù, 1,500 sì padà wá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa jẹ́ ká mọ ibi tí irú owó bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Líǹkì tá a tẹ̀ ní nọ́ńbà nínú tó ń sọ fún iléeṣẹ́ pé lágbájá ló mú oníbàárà yìí wá. Iléeṣẹ́ á san làádá fún lágbájá, lágbájá á bu díẹ̀ fún wa nínú rẹ̀. Làádá tí ì bá jẹ́ ti bọ̀dá Ìkìrun la pín. Níbi tí òfin kò bá sì ti jẹ́ kí iye owó wálẹ̀, irú èyí làwọn olùtajà fi máa ń fa ojú èèyàn mọ́ra. Lórí comprehensive, NAICOM tiẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé lẹ́yìn gbogbo ẹ̀dínwó, owó náà kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Ọkọ̀ 6,000,000, ó kéré tán 300,000.

Ọ̀rẹ́ wa kan ní Peckham ní tòun yàtọ̀. Ní ìlú ọba, iye tí iléeṣẹ́ kan ń gbà jìnnà sí ti èkejì, torí náà ó máa ń fi iye wọn wéra ná kó tó wo TopCashback tàbí Quidco. Títí di ìparí ọdún 2021, àwọn iléeṣẹ́ ibẹ̀ a máa fowó lé e fún ẹni tó bá ń bá wọn bọ̀ láti ọdún dé ọdún, ẹni tó ń ṣí kiri ló ń jàǹfààní. Òfin ti fòpin sí ìyẹn láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022. Ó ní lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tó kéré jù láìsí cashback kankan ló ṣì máa ń borí.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé jàre. Wákàtí kan tí bọ̀dá lò ń dà wá láàmú. Ọmọ Òkukù ní àlàyé kì í ṣe ọjà, pé ẹnikẹ́ni lè béèrè ọ̀rọ̀ kó sì máa lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa kan náà là ń ráhùn tí oníbàárà bá ní ká wá ṣàlàyé bá a ṣe máa kọ áàpù òun, tá a ya gbogbo rẹ̀ sórí bébà, tó wá gbé bébà wa fún ẹlòmíì pé kó fi kọ ọ́ lówó pọ́ọ́kú. A mọ orúkọ tá à ń pe irú oníbàárà bẹ́ẹ̀.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn wá jù. Lóṣù kẹfà, lọ́jọ́ Sátidé kan ní Ìnísà, à ń fi ríbáàsì jáde, la bá lọ gbá àtíbàbà ìyá kan tó ń lọ ata. Òpó ṣẹ́, ẹ̀rọ ìlọta dojú dé, fáńbẹ́ẹ̀tì já. Ìyá ò tiẹ̀ pariwo. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ata olóńdè ló wà nílẹ̀ yìí o.” A dọ̀bálẹ̀. A ní, “Ẹ má bínú mà, a ní ìnṣọ́ránsì.” A tiẹ̀ fi yangàn díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, áàpù fèsì pé ẹnu ọ̀nà lásán làwọn, ká kọ̀wé sí iléeṣẹ́. Iléeṣẹ́ béèrè ìwé ọlọ́pàá, fọ́tò, àti iye tí wẹ́dà máa gbà. Ìyẹn ò burú, kò síbi tí wọn ò ti ní béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ fún wa èwo ló yẹ kó ṣáájú, a sì padà lọ sí Ìnísà lẹ́ẹ̀mẹta nítorí bébà. Àwọn oníbàárà ìyá ti ń gbé ata wọn lọ sọ́dọ̀ ọlọ́ta mìíràn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, a dá 74,000 jọ láti àpò ara wa, a fún wẹ́dà. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn ìyẹn ni iléeṣẹ́ san 61,000. Owó ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ìyá ò fi rí iṣẹ́ ṣe, kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni.

Nígbà tá a ń ra ìwé yẹn, ọlọ́pàá ló wà lọ́kàn wa, àti 1,500. Ìyá ọlọ́ta kò sí níbẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ àwọn ló ni ọjà náà. Àwa ni ẹni kìíní, iléeṣẹ́ ni ẹni kejì, ìyá ni ẹni kẹta tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. A fowó ra nǹkan fún ẹlòmíì, a wá gba èènì rẹ̀ sápò ara wa. Bí ìgbà tí wọ́n rán ọmọ ní oògùn aláìsàn, tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ń fún ẹni tó bá wá rajà ní mínírà.

Ká má purọ́, a ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ti bọ̀dá ì bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn aṣojú kan wà tó jẹ́ pé ayédèrú ìwé ni wọ́n ń tà. Ibi yòówù kéèyàn ti rà á, kó fi nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lórí NIID. Áàpù náà sì lè dára. Ohun tó ń bí wa nínú sí ara wa ni pé a ò béèrè. A ò béèrè ní Ìkìrun pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń sanwó fún ẹni tá a bá gbá, a ò béèrè lórí áàpù. Ẹni tó ń tẹ gàrí wò kó tó gba èènì ni wá, ṣùgbọ́n 1,500 la kọ́kọ́ wò níbí.

Owó náà ṣì wà nínú áàpù títí dòní. Ó di ìgbà tó bá pé 2,000 ká tó lè yọ ọ́. Ìwé wa parí lóṣù kejì ọdún yìí, ọmọ Òkukù sì ní ká padà síbẹ̀ lọ rà á kí owó wa lè jáde. Ọmọ Ìkìrun ní òun ò sí níbẹ̀. Orí àríyànjiyàn yẹn la ṣì wà nígbà tá a kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù bọ̀dá. Wọ́n juwọ́ sí wa.

“Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà, ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́sí.”