Ẹ̀fọ́ Tí A Kò Jẹ́ Fún Ọmọ Wa Jẹ, Ṣé Ó Yẹ Kí A Tà Á Fún Ọmọ Ẹlòmíràn?

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mo kúrò nílé ní Festac, mo gba ọ̀nà Amuwo-Ọ̀dọ̀fin lọ láti ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ bàbá kan tó ń dáko lábẹ́ àwọn wáyà iná ńláńlá. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti jẹ́ oníbàárà wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré wọn ni mo ti rí ebè kan, tẹ̀tẹ̀ orí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga, kòkòrò sì ti dá ewé rẹ̀ lu bí ajẹ̀rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Bàbá, èyí ńkọ́? Àbí ẹ gbàgbé rẹ̀ ni?"

Wọ́n ní, "Rárá o, ọ̀gá. Èyí ni àwọn ọmọ mi ń jẹ. A kì í fín oògùn sí i."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ojú ẹsẹ̀ ni ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Bí wọn kì í bá fín oògùn sí èyí tí àwọn ọmọ tiwọn ń jẹ, kí ni àwọn ọmọ tèmi ti ń jẹ láti ọdún mẹ́fà?

Mo bínú, n kò sì fi pamọ́. Bàbá náà jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, wọ́n wá ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mo ti gbé irú èyí lọ sọ́jà rí. Àwọn ìyàwó yín ni kò rà á. Wọ́n ní ṣé kòkòrò ni kí àwọn fi se ọbẹ̀ ni? Mo rù ú padà wálé, ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́." N kò lè dá wọn lóhùn, nítorí èmi fúnra mi, èyí tó ń dán ni mo máa ń nawọ́ sí.

Àwọn àgbà ní kí ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Bàbá yìí ti gún ara wọn wò, wọ́n mọ̀ pé ó ń dunni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ya ebè tiwọn sọ́tọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ lè rí àwíjàre. Ẹni tó mọ̀ ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ sì ni àwa tí a kọ ewé tó ní ihò, a kò lè sọ pé ọwọ́ wa mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí kòkó ń bọ́ gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn, Gammalin 20 ni àwọn àgbẹ̀ ń fín sí i láti pa kòkòrò. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń da oògùn yìí kan náà sódò láti pa ẹja, tí wọ́n sì ń kó ẹja náà lọ tà. Ní Amẹ́ríkà, Rachel Carson ti kọ̀wé ní 1962 láti kìlọ̀ nípa DDT àti àwọn oògùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n 1972 ni ìjọba ibẹ̀ tó fòfin dè é lóko. Ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní àwọn kò gba ẹ̀wà gbígbẹ wa mọ́ nítorí oògùn dichlorvos tí wọ́n bá lára rẹ̀. Ní 2019, NAFDAC ní kí wọ́n má ta oògùn náà nínú ìgò kékeré mọ́, irú èyí tí a fi ń pa ẹ̀fọn àti aáyán nínú ilé. Òyìnbó ní ẹni tó ń ṣọ́ èbúté fún un. Ẹ̀wà tí òyìnbó kò gbà, ta ló jẹ ẹ́?

Ti ẹ̀fọ́ tilẹ̀ burú ju ti kòkó lọ. Oògùn tí a fín sí kòkó, ara èèpo ló ń bà lé, a kì í sì í jẹ èèpo kòkó. Ewé tí oògùn bà lé gan-an ni a ń jẹ lára tẹ̀tẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tẹ̀tẹ̀ ti tó já. Bí àgbẹ̀ bá fín oògùn ní Ọjọ́rú tí oníbàárà sì dé ní Ọjọ́ Ẹtì, ṣé yóò ní kó padà lọ ni, nígbà tí owó ilé ìwé ọmọ wà nílẹ̀?

Èmi náà dán an wò. Ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù wa ni mo lò. Ìlú tí ìjọba kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ní 1977 ni Festac, wọn kò kọ́ ọ fún àgbẹ̀. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ni mo kọ́kọ́ wú. Mo ra ìgbẹ́ adìyẹ, mo jẹ́ kó jẹrà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, nítorí tútù rẹ̀ ń jó gbòǹgbò, ó sì lè kó àìsàn bá ẹni tó jẹ ẹ̀fọ́ náà. Mo gún èso dóńgóyárò, mo rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, mo sẹ́ ẹ, mo fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, mo sì fín in. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Ńṣe ló ń mú kí oúnjẹ má wù ú, tí kò sì ní lè dàgbà bó ṣe yẹ. Oòrùn tètè máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, nítorí náà èèyàn gbọ́dọ̀ tún un fín léraléra. Ìyókù, ọwọ́ ni mo fi ń ṣa kòkòrò láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, àwọn aládùúgbò sì ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì tan ara rẹ̀ pé ohun tó bá ti inú igbó wá kò lè pani. Omi tábà májèlé ni. Ẹni tó bá sì ń fi omi gọ́tà bomi rin ẹ̀fọ́ kò lè fi dóńgóyárò fọ ìyẹn kúrò. Ṣùgbọ́n pé iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe, ẹ wo Songhai ní Pọ̀tọ̀-Nóvò, tí Godfrey Nzamujo, àlùfáà Dominican tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀ ní 1985: ìdọ̀tí ẹran ń bọ́ ilẹ̀, ilẹ̀ ń bọ́ ẹran. Ibẹ̀ kò jìnnà sí wa, ọ̀nà Bádágírì yìí ló lọ síbẹ̀.

Mo padà lọ bá bàbá ẹlẹ́fọ̀ọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe ebè kan fún wa láìfín oògùn. Wọ́n ní, "Ẹ san owó ebè náà tán. Ohun tí kòkòrò bá ṣẹ́ kù ni tiyín." Ilé mẹ́rin ní àdúgbò wa la dáwó jọ. Nígbà tí a já a, kòkòrò ti jẹ tó ìdá mẹ́ta rẹ̀. Màmá kan nínú wa wo ìpín tiwọn, wọ́n ní àwọn kò ṣe mọ́, kí n dá owó àwọn padà. Bàbá kò jẹ wọ́n ní nǹkan kan. Àdéhùn ni àdéhùn. Láti inú àpò mi ni mo ti dá a padà. Ìyàwó mi se ẹ̀fọ́ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú ihò rẹ̀.