Ọ̀rọ̀ Ìyànjú Lórí Ẹyẹ Sísìn

Kíkà: Mátíù 6:26, Diutarónómì 22:6–7, Lúùkù 2:24



Lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀ ní oṣù tí ó kọjá, ọmọdékùnrin kan nínú Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó sì wí pé, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, mo ti ń tọ́jú owó pamọ́ láti ìgbà Kérésìmesì. Mo fẹ́ fi ra odídẹrẹ́. Ìyá mi sọ pé bí ẹ bá fọwọ́ sí i, àwọn kò ní kọ̀.” Mo bi í léèrè ìdí tí ó fi jẹ́ odídẹrẹ́. Ó ní nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ni. N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú mi rántí ẹ̀gà mi.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo mú ẹ̀gà kan, mo sì fi í sínú agbọ̀n tí mo fi okùn dì lẹ́nu. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi bọ́ ọ, tí mo fún un lómi, tí mo sì ń pe àwọn ẹgbẹ́ mi wá wò ó. Ọjọ́ karùn-ún bọ́ sí ọdún Àjíǹde. A wọ aṣọ tuntun, a lọ kí àwọn ará ilé ìyá mi, ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì ti ṣú kí a tó padà dé. Omi inú igbá kékeré náà ti gbẹ, ẹyẹ náà sì ti kú. Kò sí ẹni tí ó bá mi wí, nítorí wọ́n ní ẹyẹ lásán ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ tí àwọn ẹ̀gà yòókù ń pariwo lórí rẹ̀ kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí ibi tí òǹgbẹ ti pa á.

Ẹ kíyèsí i, ará. Olúwa wa tọ́ka sí àwọn ẹyẹ tí kò ní oko, tí kò ní àká, tí Baba sì ń bọ́. Ẹyẹ tí ó wà ní òmìnira ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ní ọjọ́ tí ìwọ bá ti ilẹ̀kùn àgò mọ́ ẹyẹ kan, ìwọ ti mú un kúrò nídìí oúnjẹ tí Baba tẹ́ sílẹ̀ fún un, ìwọ sì ti gba iṣẹ́ náà sí ọwọ́ ara rẹ, ní ọjọ́ iṣẹ́ àti ní ọjọ́ ọdún, nígbà tí ara rẹ le àti nígbà tí ibà bá dá ọ dùbúlẹ̀. Kò jọ pé lásán ni èdè wa fi ń lo ọ̀rọ̀ kan náà, sìn, fún ẹran àti fún Ọlọ́run. Ǹjẹ́ kí ẹni tí ó fẹ́ ra ẹyẹ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé, ẹyẹ wo ni mo lè sìn dé òpin?

Ẹ jẹ́ kí a gbé odídẹrẹ́ yẹ̀ wò. Ẹyẹ ọlọ́gbọ́n ni. Ní Amẹ́ríkà, obìnrin onímọ̀ kan, Irene Pepperberg, ra ọ̀kan ní ọdún 1977, ó sì sọ ọ́ ní Alex. Kí ẹyẹ náà tó kú ní ọdún 2007, ó mọ orúkọ ohun tí ó lé ní 50, ó mọ àwọ̀, ó sì lè ka nǹkan dé mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí gan-an ni ìnira rẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ìbànújẹ́ a mú un, a sì máa tu ìyẹ́ ara rẹ̀ títí àyà rẹ̀ yóò fi wà ní ìhòòhò. Ó lè gbé tó 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí ó bá rà á yóò ti ní ọmọ tirẹ̀ kí ẹyẹ náà tó darúgbó.

Bí ó ti ń dé ọjà ni ó burú jù. Àtè àti àwọ̀n ni a fi ń mú un nínú igbó, ọ̀pọ̀ a sì kú sójú ọ̀nà kí ọ̀kan tó dé ọwọ́ olùrà. Ní Gánà, àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí rí i pé, nínú 100 odídẹrẹ́ tí ó wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí i, kò ju 10 lọ tí ó ṣẹ́kù. Ní ọdún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè ayé pàdé ní Johannesburg, wọ́n sì fòfin de títa odídẹrẹ́ inú igbó láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Mósè ti kọ́ wa tipẹ́ pé ẹni tí ó bá bá ìtẹ́ ẹyẹ pàdé kò gbọdọ̀ kó ìyá pọ̀ mọ́ ọmọ. Àwọn àgbà wa a sì máa gbàdúrà pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Ó ń kú níbẹ̀ wàyí, owó wa ni a sì fi ń pa á.

Nígbà tí ọmọ náà padà wá, mo ní kí ó fi ẹyẹlé bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ fà ro; ẹyẹlé kò jọ ọ́ lójú. Mo rán an létí pé ọmọ ẹyẹlé wà nínú ọrẹ tí Òfin gbà lọ́wọ́ tálákà, ìyẹn irú ọrẹ tí Jósẹ́fù àti Màríà mú wá sí Tẹ́ḿpìlì. Ilé ènìyàn ni a bí i sí, a kò jí i kó nínú igbó. Akọ àti abo ni í jọ ń sàba lé ẹyin wọn méjì, fún ọjọ́ 17 tàbí 18, àwọn méjèèjì ni í sì ń pèsè ohun kan bí wàrà nínú àpò oúnjẹ tí ó wà ní ọ̀fun wọn láti fi bọ́ ọmọ. (Ẹ̀yin baba tí ẹ fi ọmọ títọ́ sílẹ̀ fún ìyá nìkan, ẹ lọ wo akọ ẹyẹlé.)

Takọtabo ni kí a rà, nítorí kò fẹ́ dá gbé. Kí a dúró lókèèrè wò ó kí a tó súnmọ́ ọn, nítorí ẹyẹ a máa fi àìsàn pamọ́ bí ó bá rí ènìyàn. Èyí tí ó wú ìyẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí òtútù ń mú, tí ojú rẹ̀ ń ṣomi, tàbí tí ìdí rẹ̀ dọ̀tí, kí a fi í sílẹ̀, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Kí a fọwọ́ kan egungun àyà rẹ̀. Bí ó bá mú bí ọ̀bẹ, ó ti rù. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá jẹun ni ó dára jù, nítorí àgbà ẹyẹlé kì í gbàgbé ilé: bí a bá tètè tú u sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tà á ni yóò padà sí. Oúnjẹ rẹ̀ ni ọkà bàbà, àgbàdo àti ẹ̀wà, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́, nítorí kò ní eyín. Kí omi rẹ̀ jẹ́ tuntun lójoojúmọ́, kí ó sì jìn tó kí ó lè ki àgógó bọ̀ ọ́. Kì í gbé orí sókè mu bí adìyẹ, fífà ni í ń fà á. Kí ilé rẹ̀ wà lórí òpó, níbi tí ejò àti ológbò kò lè dé, kí ó sì jìnnà sí èéfín ààrò.

Àwọn baba wa wí pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kí ó bá onílé mu, kí ó di ọjọ́ ìpọ́njú kí ó yẹrí. Ẹyẹlé ti pa ti tirẹ̀ mọ́. Ti onílé ni mo ń béèrè. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ní ẹyẹ ní àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́, ta ni ń fún un lómi nígbà ìsinmi? Ẹ̀yin òbí, bí ìdánwò bá dé, tí ọmọ kò rójú mọ́, ta ni yóò gba ipò rẹ̀?

Ọmọ náà fi owó rẹ̀ ra ẹyẹlé méjì, ó sì fi ìyókù ra pákó. Kí ó tó rà wọ́n, ó bẹ àbúrò rẹ̀ obìnrin pé kí ó máa bu omi fún wọn bí òun kò bá sí nílé. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, ó sáré wá sọ fún mi pé wọ́n ti yé ẹyin méjì, òun sì ti ń ka ọjọ́. Ó ní kí n má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ. Ṣùgbọ́n kí ìwé yìí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, ọjọ́ náà yóò ti pé.