Ìwúre fún Àwọn Òṣèré OVO

Ẹ̀yin tí ẹ di eèrà, tí ẹ di ìrẹ̀, tí ẹ di yímíyímí kí tọmọdé tàgbà lè rẹ́rìn-ín, ire ni mo ń wú fún yín.

Láti ọdún 2009 tí ẹgbẹ́ eléré Cirque du Soleil ti gbé OVO, eré àwọn kòkòrò, jáde nílùú Montreal ní Kánádà ni eré yìí ti ń la ìlú kọjá. Ọ̀nà yóò máa là fún yín. Àrùn Kòrónà tó pa eré dé ní oṣù Kẹta ọdún 2020, tó sọ ẹni tí ń fò lókè di ajókòósílé, irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ lójú ayé wa.

Ẹ̀yin eèrà tí ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, tí ẹ ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí àgbàdo ràgàjì, tí ẹ ń ta á sí ẹlẹgbẹ́ yín, tó sì ń fi ẹsẹ̀ hán an: orúnkún yín kò ní gbó láìtọ́jọ́. Ẹ̀yin ìrẹ̀ tí ẹ ń sáré gun ògiri gíga, ẹsẹ̀ yín kò ní yẹ̀. Okùn tí aláǹtakùn dúró lé kò ní já.

Ẹ̀yin yímíyímí, tiyín ló ká mi lára jù. Wọ́n á ju ẹnìkan sí òfuurufú. Kò di nǹkan kan mú, kò tẹ nǹkan kan. Ọwọ́ ẹni tí yóò hán an nìkan ló kù. Kí ọwọ́ náà má rọ. Kí òógùn má yọ̀ ọ́. Kí ìbínú ọ̀sán má bá yín gòkè lálẹ́.

Ẹni tí èrò kì í rí ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń so okùn, tí ẹ ń yẹ ìdè wò kí ilẹ̀kùn tó ṣí, ojú yín kò ní fo ibi tó fẹ́ já.

Deborah Colker, ọmọ Brazil, ẹni tó fi OVO di obìnrin àkọ́kọ́ tó darí eré fún Cirque du Soleil: ọgbọ́n kò ní tán nínú yín. Àwọn obìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò bá ọ̀nà ní lílà.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ kó ọmọ wá, ẹ ó pẹ́ lórí wọn. Ọmọ tó rí àlejò aláwọ̀ búlúù tó gbé ẹyin ńlá sẹ́yìn wọ ìlú àwọn kòkòrò, kí òun náà mọ àlejò í gbà. Bó bá rí ìrẹ̀ lẹ́bàá ògiri lọ́la, kó bẹ̀rẹ̀ wò ó kó tó gbé ẹsẹ̀.

Gbogbo ẹni tó bá gòkè lálẹ́ òní ni yóò sọ̀ kalẹ̀. A ò ní kà yín kù. Àṣẹ.