TA NI Ó NI ẸYIN ÀPARÒ?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lórí ewé ìwé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun tàbí ti ààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogún pínpín tí àwọn kan máa ń kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wa. Ọ̀rọ̀ igbó ni. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé kí ni igbó ń wá nínú ìwé àwọn Mùsùlùmí. Ẹ ṣe sùúrù fún wa.

Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1997, àwa tí a ń darí àwọn ọ̀dọ́ ní ìhà Ayétòrò àti Ìlaròó nígbà náà pinnu pé kámpù ọdún yẹn kò ní jẹ́ ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ọdọọdún ni à ń kó àwọn ọmọ jọ sínú kíláàsì, tí wọn a tẹ́ ẹní sílẹ̀, tí àáfà a máa ṣe wáàsí láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí ìdajì àwọn ọmọ a sì máa sùn. A ní ẹ jẹ́ kí á kó ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn lọ sí Old Oyo National Park ní òkè Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún, kí wọ́n lọ sùn sínú àgọ́, kí wọ́n rí ohun tí Ọlọ́run dá tí ọwọ́ ènìyàn kò tíì tò.

Ìyá kan ní Ìlaròó, tí ọmọ rẹ̀ méjì wà lára àwọn tí ó fẹ́ lọ, wá bá wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ fẹ́ lọ ṣe nínú igbó? Ẹni tí ó bá ń sùn nínú igbó, bí kò bá ṣe ọdẹ, a jẹ́ pé olè ni. Bí kò bá sì ṣe olè, a jẹ́ pé orí rẹ̀ ti dàrú.” A rẹ́rìn-ín, a rọ ìyá, ó sì yọ̀ǹda àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ bá wa wọ ọkọ̀. Òótọ́ ni pé ní ilẹ̀ wa, a kì í lọ sínú igbó lásán. Ẹni tí ń ro oko ń lọ, ẹni tí ń ṣẹ́gi ń lọ, ẹni tí ń já ewé ń lọ, ọdẹ ń lọ. Ta ni ó ń lọ wo igbó? Èsì tí a rí fún ara wa nínú ọkọ̀ ni pé Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́run máa bá a) pàápàá a máa fi ilé sílẹ̀ lọ sínú ihò àpáta Hírá, níbi tí kò sí ọjà tí kò sí ariwo, kí ó tó di pé ìwáhàyí sọ̀ kalẹ̀ fún un. Ẹni tí ó bá jókòó tí ó ń ronú sí iṣẹ́ Ọlọ́run kò ṣe ìmẹ́lẹ́.

Ibi tí a dé yìí, ó tóbi ju ohun tí a rò lọ. Ọgbà náà fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó. Ní 1936 ni ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ pààlà sí apá òkè odò Ògùn, ní 1941 wọ́n pààlà sí igbó Ọ̀yọ́-Ilé, ní 1952 wọ́n sọ méjèèjì di ibi ìpamọ́ ẹranko, nígbà tí ó sì di 1991, ìjọba àpapọ̀ so wọ́n pọ̀ di ọgbà kan. Ọ̀dàn gbalasa ni èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀, igi èmi àti irúgbá dúró káàkiri inú koríko, ṣùgbọ́n létí odò, igbó dí dudu. Ẹsẹ̀ òkè àpáta kan tí ó yọ sókè láàrin ọ̀dàn ni a pa àgọ́ sí. Ọyẹ́ ń mú lóru débi pé àwọn ọmọ tí kì í fẹ́ jí kí Súbùhù ni wọ́n ń jí ṣáájú ladani láti lọ yá iná. (Iná sítóòfù ni o; wọn kò gbà wá láyè láti ṣẹ́gi.)

A fẹ́ dé ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, ọ̀nà kò jẹ́. Ẹ̀ṣọ́ igbó tí wọ́n fún wa ló ròyìn rẹ̀ fún wa: ìlú ńlá tí Aláàfin ti ń pàṣẹ, tí àwọn ènìyàn sá kúrò níbẹ̀ ní nǹkan bí 1835 nítorí ogun, odi rẹ̀ tí ó ti wó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, igi ti hù sí ààfin, ẹranko ń jẹ kiri níbi tí ọjà wà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ nínú wáàsí pé Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé pàṣẹ fún wa láti rìn lórí ilẹ̀ kí á wo ìgbẹ̀yìn àwọn tí ó ṣáájú wa. Ìlú Ádì àti Sámúdù ni àáfà máa ń dárúkọ. Ó ṣe wá bí ẹni pé ó yẹ kí ó máa dárúkọ Ọ̀yọ́-Ilé pẹ̀lú.

Alẹ́ ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ ẹyin ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin kan láti Ayétòrò, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yà sẹ́yìn koríko láti tura. Àparò kan fò fìrì ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wolẹ̀, ó rí ìtẹ́, ẹyin mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú fìlà, ó sì gbé e wá sídìí sítóòfù tayọ̀tayọ̀ bí ẹni tí ó gbé ẹran Iléyá dé.

Ẹ rántí pé lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti kà á sí wa létí pé ohun tí a bá bá nínú igbó náà, ibẹ̀ ni kí á fi í sílẹ̀ sí: a kò gbọdọ̀ ṣọdẹ, a kò gbọdọ̀ gé igi, a kò gbọdọ̀ kó ẹyin. A ní a gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ igbó ti lọ sùn, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó rí wa.

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ náà ní, “Ta ni ó ni ẹyin àparò? Kì í ṣe adìẹ ilé ẹnì kan. Ọlọ́run ló dá a sínú ìgbẹ́, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i ló ni ín. Bàbá mi ń jẹ ẹ́ lóko, n kò sì gbọ́ àáfà kankan tí ó ní hàráàmù ni.” Ẹ jẹ́ kí á sọ òdodo, ọmọ náà kò purọ́. Ọmọbìnrin kan dáhùn láti ìhà àwọn obìnrin pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti ẹyin bí kò ṣe ti àdéhùn. A ti ṣèlérí lẹ́nu ọ̀nà, Mùsùlùmí kì í sì í yẹ àdéhùn. Ẹlòmíràn bú sẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọ̀gá tí ó ṣe òfin náà, ṣé wọn kì í jẹ ẹran ìgbẹ́ ni? Àwa tí a jẹ́ aṣáájú gan-an, ẹnu wa kò kò. Ọ̀kan nínú wa ti ń wá iyọ̀.

Ariwo wa jí ẹ̀ṣọ́ igbó. Ó wo ẹyin, ó wo wa, kò sì bínú. Ó jókòó. Ó ní ọmọ ọdẹ ni òun, pé bí bàbá òun bá rí ẹran tí ó lóyún, a gbé ìbọn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe ìjọba ló ń bẹ̀rù. Ó ní bí òun bá pa ìyá, kí ni àwọn ọmọ òun yóò pa lọ́la? Ó ní bàbá òun a sì tún máa bẹ̀rù àwọn igbó kan tí ẹnikẹ́ni kì í fi àdá kàn, nítorí ohun tí wọ́n ní ó wà nínú wọn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tí a kò gbàgbé títí di òní. Ó ní, “Mùsùlùmí ni èmi náà. Àwa Mùsùlùmí, a kò bẹ̀rù igbó mọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kò bẹ̀rù igbó mọ́, kí ni a wá ń bẹ̀rù nínú igbó?”

Àáfà kékeré tí ó bá wa lọ ló já ọ̀rọ̀ náà gbà. Ó sọ ìtàn tí ó wà nínú hádíìsì Abū Dāwūd, nípa àwọn Sàhábà tí wọ́n mú ọmọ ẹyẹ méjì nínú ìtẹ́ nígbà tí wọ́n wà lórí ìrìn-àjò. Ìyá ẹyẹ dé, ó ń na ìyẹ́ kiri lókè orí wọn. Nígbà tí Ànábì rí i, ó béèrè ẹni tí ó kó ìbànújẹ́ bá a nítorí ọmọ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n dá àwọn ọmọ náà padà fún un. Àáfà ní kí á ṣàkíyèsí: kò sí ẹni tí ó bi Ànábì léèrè bóyá hàláàlì ni jíjẹ ẹyẹ náà tàbí hàráàmù. Ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà gbé fìlà rẹ̀, ó lọ dá ẹyin padà. Bóyá àparò náà padà wá sàba lé e lẹ́yìn tí ẹyin ti sun inú ọyẹ́ mọ́jú, a kò mọ̀. Ọmọ náà lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kò rí ẹyẹ kankan. Ó bà á nínú jẹ́. Ó bà wá nínú jẹ́ pẹ̀lú.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ igbó yẹn ti ń yọ wá lẹ́nu, pàápàá nígbàkígbà tí a bá ń rìn ní ilẹ̀ Yewa tiwa yìí. Ẹnubodè wa tí gbogbo ayé mọ̀, Ìdí-Ìrókò ni orúkọ rẹ̀. Ẹ lọ ka ìrókò tí ó kù níbẹ̀. Ìjọba ní igbó ìpamọ́ ní Ìlaròó, ó ní òmíràn ní Ẹ̀gùá, ó sì pààlà fún ẹranko ní Ìmẹ̀kọ. Ẹni tí ó bá dé àwọn ibẹ̀ yóò rí igi tíìkì tí a fi ọwọ́ gbìn, yóò rí oko ẹ̀gẹ́, yóò rí kùkùté. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ibi tí igi àtijọ́ ṣẹ́kù sí ni igbó tí àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń bọ. Àwa kọ́, ìbẹ̀rù orò ló ṣọ́ ọ. Ó dùn wá láti kọ èyí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. A yọ ìbẹ̀rù yẹn kúrò lọ́kàn àwọn ọmọ wa, a kò sì fi nǹkan kan sí ipò rẹ̀. Kì í sì í ṣe pé a kò ní ohun tí a lè fi sí i. Ànábì wa sọ ilẹ̀ Mẹ́dínà láàrin òkè rẹ̀ méjèèjì di ilẹ̀ ọ̀wọ̀ ní nǹkan bí 1,400 ọdún sẹ́yìn: a kò gbọdọ̀ gé igi rẹ̀, a kò gbọdọ̀ lé ẹran ìgbẹ́ rẹ̀. Kò sí òrìṣà kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Àmánà ni, ohun tí Ẹlòmíràn fi sí wa lọ́wọ́, tí yóò sì béèrè.

Àgbẹ̀ kan lè sọ pé, “Ẹ̀yin tí ẹ jẹun yó lẹ ń sọ̀rọ̀ igi, ebi ń pa àwọn ọmọ mi.” Ọ̀rọ̀ gidi ni, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sìn pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà tí Sàyídínà Úmárù jẹ́ Kàlífà, ó fi ọkùnrin kan ṣọ́ ilẹ̀ ìjẹko tí a dáàbò bò. Ó pàṣẹ fún un pé kí ó gba tálákà tí ó ní ràkúnmí díẹ̀ àti àgùntàn díẹ̀ láàyè láti wọlé, ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra fún ẹran Ìbínù Áwúfù àti ti Ìbínù Áfáànù, nítorí pé àwọn wọ̀nyẹn ní oko àti ọgbà dábínù tí wọ́n lè padà sí bí ẹran wọn bá kú. Ẹ wo àwọn tí ó dárúkọ: ọlọ́rọ̀ ni wọ́n, ẹni ńlá sì ni wọ́n nínú ẹ̀sìn. Ní ti tiwa ńkọ́? Ìyá arúgbó tí ó ṣẹ́ ìdì igi kan ni ẹ̀ṣọ́ ń mú. Ọkọ̀ àjàgbé tí ó ru gẹdú kọjá lóru, a kì í rí i.

Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ti ní kí á tún kó àwọn lọ. Ẹ̀rù ń bà wá láti gbà. Ní 1997, ejò ni à ń bẹ̀rù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ìjà darandaran àti àgbẹ̀ le ní ìhà Yewa Àríwá débi pé àwọn ará oko kan sá kọjá ẹnubodè lọ sí Bẹ̀nẹ̀. Ìyá tí ó bi wá ní ìbéèrè nígbà náà, bí ó bá tún bi wá lónìí, a kò ní rẹ́rìn-ín mọ́. Síbẹ̀ ó ń dùn wá, nítorí ọmọ tí kò sun inú igbó rí, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí wọ́n ń gé? Ní ìhà Ìjẹ̀bú, nínú Igbó Omo tí a pààlà sí ní 1925, tí àjọ UNESCO sì gbà sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 1977, erin ṣì wà. Erin, ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí! A sọ èyí fún àwọn ọmọ ilé kéwú kan láìpẹ́, wọ́n rò pé à ń pa àlọ́ ni.

Ọmọ tí ó kó ẹyin náà ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin. Ó wá bá wa lẹ́yìn ìrun Àsárì kan báyìí. Bàbá rẹ̀ fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún un ní ojú ọ̀nà Ìmẹ̀kọ, igi irúgbá méjì àti èmi mẹ́ta wà lórí rẹ̀. Elédùú kan ti wá wò wọ́n, ó ti dárúkọ owó, owó náà sì tó san owó ilé ẹ̀kọ́ sáà kan fún ọmọ méjì. Ó fi ẹ̀rín bi wá pé, “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ta ni ó ni igi?” A ní òun ló ni ín, ogún bàbá rẹ̀ ni, kò sí àáfà tí yóò ní hàráàmù ni bí ó bá tà á. A tún ní ìyá rẹ̀ ń ṣa igbá níbẹ̀ lọ́dọọdún láti fi ṣe irú. Ó ní òun mọ̀. A fún un ní ìwọ̀nba tí ó wà lọ́wọ́ wa, kò tó ìdajì owó ọmọ kan. Ó dúpẹ́, ó gun ọ̀kadà. Elédùú ní òun ń padà bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé.