Owó Ta Ni Àìmọ̀ Ń Ná?

Ní 1979 ni ilé-iṣẹ́ Bosch ti Jámánì gbé Motronic jáde, àpótí kan ṣoṣo tí ń darí epo àti iná púlọ́ọ̀gì pọ̀. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ọkọ̀. Bí mẹkáníìkì kan ní Ìlọrin kò bá yẹ wáyà wò kí ó tó ní kí ọlọ́kọ̀ ra ọpọlọ mìíràn, tí ó sì wá jẹ́ pé wáyà ni ó já, ǹjẹ́ ó jalè? Àwọn kan yóò ní àṣìṣe kì í ṣe olè. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò yẹ nǹkan wò kò ṣe àṣìṣe, àbá ni ó fi owó olówó dá. Bí òwú bá já, ahunṣọ Ìlọrin kì í wó òfì. Ibi tí ó ti já ni í wá. "N kò tíì mọ̀" kò bu iyì oníṣẹ́ kù. Ìpìlẹ̀ òtítọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni.